Kí Apá Kìíní Tó Jáde Ni Ọ̀rọ̀ Apá Kẹta Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtẹ̀wé adádúró kan ní Amẹ́ríkà, tí mo fẹ́ràn gan-an, ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde àwọn kọ́míìkì tí wọ́n fẹ́ gbé jáde ní oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí. Ìtàn tuntun mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú apá keje ìtàn kan tí mo ń tẹ̀ lé, tó ti yẹ kó jáde láti ìgbà pípẹ́, àti ìwé àkójọ kan, ìyẹn èyí tí wọ́n kó apá mélòó kan ìtàn pọ̀ sínú rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì ṣú tí àwọn òǹkàwé ti ń bára wọn jiyàn. Àwọn kan ní kò sí irú rẹ̀ rí. Àwọn kan ní ìtàn tuntun wọ̀nyẹn á kú sí apá karùn-ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn ò ní ra ẹyọ kankan, ìwé àkójọ làwọn máa dúró dè. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé ohun tí àwa òǹkàwé ń sọ yìí tiẹ̀ ń dé ibì kankan? Ṣé kí n sọ fún oníṣọ́ọ̀bù mi báyìí ni, àbí kí n kọ́kọ́ dúró wo bí ìwé náà ṣe rí?"

Àbúrò mi, sọ fún oníṣọ́ọ̀bù rẹ nísinsìnyí. Mi ò ní kí o kó gbogbo ohun tó wà nínú ìkéde náà o. Èyí tí ọkàn rẹ bá fà sí nínú wọn ni mò ń wí. Bí o bá dúró títí ìwé fi jáde kí o tó lanu, ọ̀rọ̀ rẹ á pẹ́ kó tó dé ibi tó yẹ kó dé. Bí òwò yìí ṣe ń lọ ló fà á, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló sì wà tí ẹnikẹ́ni ò jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún rí.

Nígbà kan, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń ta kọ́míìkì ní Amẹ́ríkà. Èyí tí kò bá tà, ẹni tó ń tà á á dá a padà, wọn á sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tó jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Phil Seuling, tó máa ń ṣètò àpéjọ àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì ní New York, bá àwọn ilé ìtẹ̀wé ṣe àdéhùn mìíràn: ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì á máa rí ẹ̀dínwó tó jọjú gbà, ṣùgbọ́n ohun tó bá rà, ó rà á nìyẹn. Kò sí dídá padà. Orí àdéhùn yẹn ni ọjà náà ṣì dúró lé títí dòní. Òun náà ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké, nítorí ó jẹ́ kí wọ́n mọ iye ẹ̀dà tí wọ́n ti tà kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ lọ fún atẹ̀wé. Àmọ́ ewu tó wà lórí ilé ìtẹ̀wé tẹ́lẹ̀ kò parẹ́. Orí oníṣọ́ọ̀bù ló bọ́ sí.

Ká ní ìwọ ni oníṣọ́ọ̀bù náà. Ti Marvel àti DC, àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá méjì nì, kò fi bẹ́ẹ̀ dà ọ́ láàmú, torí o ti mọ iye àwọn tó ń wọlé wá rà wọ́n lóṣooṣù. Ìtàn tuntun láti ilé ìtẹ̀wé adádúró ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò mọ akọni inú rẹ̀. Kò sí fíìmù tó ti polówó rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ò ju àwòrán èèpo kan, ìpínrọ̀ kan, àti orúkọ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bí o bá mú mẹ́wàá tí mẹ́rin péré tà, mẹ́fà tó ṣẹ́ kù ti jẹ èrè mẹ́rin náà, ó sì ti ń jẹ owó tí o fi rà wọ́n. Kí ni wàá ṣe? Wàá mú méjì. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní mú rárá, mi ò sì lè bá a wí.

Ohun kan ló ń yí ìṣirò yẹn padà, òun ni kí oníbàárà kan wọlé kó sọ pé, "Ẹ bá mi mú ẹyọ kan." Ẹyọ yẹn ti tà kó tó dé. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu èèyàn mẹ́ta kì í fi mọ sí mẹ́ta. Á fi méjì tàbí mẹ́ta mìíràn kún un fún àwọn tí kò sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ohùn òǹkàwé kan kì í ṣe ẹ̀dà kan péré nídìí ìwé adádúró.

Wàyí o, jẹ́ ká ka ọ̀sẹ̀ pọ̀. Ilé ìtẹ̀wé á kéde ìwé ní nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú, alágbàtà tó ń kó ìwé láti ilé ìtẹ̀wé dé ṣọ́ọ̀bù á kó o sínú kátálọ́ọ̀gì rẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù á fi ọ́dà àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Nígbà tó bá wá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ìwé jáde, ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé tó bá ti kọjá, oníṣọ́ọ̀bù kò lè fi kún ọ́dà rẹ̀ tàbí kó yọ nínú rẹ̀ mọ́. FOC (Final Order Cutoff) ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pe ọjọ́ yẹn. Iye tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ilé ìtẹ̀wé á fi pinnu ẹ̀dà tí wọ́n máa tẹ̀, pẹ̀lú díẹ̀ lórí.

Ìtàn tó bá ń jáde lóṣooṣù, apá kejì rẹ̀ á dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn apá kìíní. Bí o bá fi ìyẹn ṣírò, wàá rí i pé FOC apá kejì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí apá kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí àtẹ, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni oníṣọ́ọ̀bù ní láti fi wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Apá kẹta ti wà nínú kátálọ́ọ̀gì kí ẹnikẹ́ni tó ka ojú ìwé kan nínú apá kìíní. Nítorí náà, tó bá ti fura pé kò sẹ́ni tó béèrè apá kìíní, ó ti dín apá kejì kù nìyẹn, ó sì ti dín apá kẹta kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá wọlé lẹ́yìn oṣù kan, tó ní òun gbọ́ pé ìwé yìí dùn, á bá àtẹ lófìfo, ilé ìtẹ̀wé á sì ti rí iye tó ń wálẹ̀ lójú ìwé wọn. Àwọn àgbà ní ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀yin òǹkàwé ń bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn lemọ́lemọ́, ó sì ń dùn mí, nítorí ìfẹ́ tí ẹ ní sí àwọn ìwé náà kì í ṣe èké.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ "ó ti tán pátá" mú ọ. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé bá kéde pé apá kìíní ti tán, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sí ẹ̀dà mọ́ lọ́wọ́ àwọn àti alágbàtà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí rẹ. Bí wọ́n bá tẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, tí wọ́n sì rí ọ́dà fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó ti "tán" nìyẹn kí òǹkàwé kankan tó fọwọ́ kàn án.

Kíkéré iye tí wọ́n tẹ̀ kì í sì í ṣe àmì pé ìwé ò dára. Apá kìíní The Walking Dead ti Robert Kirkman àti Tony Moore, tí ilé ìtẹ̀wé Image gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ kò tó 8,000. Ìtàn yẹn lọ títí dé apá 193. Teenage Mutant Ninja Turtles, ìtàn àwọn ìjàpá tó ń jà, tí Kevin Eastman àti Peter Laird tẹ̀ jáde fúnra wọn ní 1984, nǹkan bí 3,000 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá sọ pé ìwé kan "ti kú" torí pé ọ́dà rẹ̀ kéré kò mọ ìtàn òwò yìí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi ìyókù ìtàn náà kún un. Lẹ́yìn tí ìjàpá wọ̀nyẹn là, gbogbo ẹni tó lè ya ẹranko tó ń jà ló tẹ ìwé dúdú-òun-funfun jáde. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kó wọn jọ gègèrè, pé bóyá ọ̀kan nínú wọn náà á là. Nígbà tó fi máa di 1987, ọjà ti dojú dé, owó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì há sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Bí oníṣọ́ọ̀bù àgbàlagbà bá ń lọ́ra láti mú ìtàn tuntun, ohun tó rí nígbà yẹn wà lára ohun tó ń lé e sẹ́yìn.

Ó yá, ká wá sórí ìkéde fúnra rẹ̀. Bí mo bá ń kà á, orúkọ ni mo kọ́kọ́ ń wá, kì í sì í ṣe ti òǹkọ̀wé nìkan. Ta ló ya inú rẹ̀? Èèpo lè jẹ́ iṣẹ́ ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, kó jẹ́ pé ẹlòmíràn pátápátá ló ya ojú ìwé inú. Ta ló kun ún? Ta ló kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀? Ilé ìtẹ̀wé tó bá dárúkọ gbogbo wọn ti ń sọ fún ọ pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ti pé. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wò ó bóyá wọ́n fi ojú ìwé inú hàn. Bó bá jẹ́ èèpo nìkan ló wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé díẹ̀ ni wọ́n tíì yà. Bí ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kun tán, ọkàn mi á balẹ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan tilẹ̀ wà tí kì í kéde ìtàn rárá títí apá bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ fi parí. Irú wọn ni mo fẹ́ràn jù, kódà bí ìwé wọn kò bá pọ̀.

Wo nọ́ńbà dáadáa pẹ̀lú. Ibi tí àwọn tó ń sọ pé "á kú sí apá karùn-ún" ti ṣì í nìyí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé "apá 1 nínú 5", kò sí ikú níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, nítorí pé apá márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń kún ìwé àkójọ kan. Òǹkọ̀wé ọlọ́gbọ́n máa ń kọ ọ́ kó parí sí márùn-ún, á sì fi àyè kékeré sílẹ̀ kó lè tẹ̀ síwájú bí owó bá wọlé. Ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti ìtàn tí wọ́n pè ní aláìlópin, tó wá dákẹ́ lójú ọ̀nà láìsí ìparí àti láìsí àlàyé. Nítorí náà, kí o tó dá sí àríyànjiyàn yẹn, padà sẹ́yìn kí o wo ìtàn mélòó kan tí ilé ìtẹ̀wé náà ti gbé jáde. Ṣé wọ́n parí? Ilé ìtẹ̀wé tó bá ń parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ní apá mẹ́rin péré, yẹ lẹ́ni tí à ń fọkàn tán ju èyí tó ń ṣèlérí ọgọ́ta.

Síbẹ̀, má fi ìkéde ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí Kirkman fẹ́ parí The Walking Dead ní oṣù keje ọdún 2019, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kéde àwọn apá tó yẹ kó tẹ̀ lé 193, pẹ̀lú èèpo tí wọ́n yà fún wọn, bẹ́ẹ̀ ìwé náà kò sí níbì kankan. Àwọn òǹkàwé ṣí apá 193, wọ́n bá òpin níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé, orí mi wú sí àrà yẹn. Àmọ́ ó fi hàn kedere pé ohun tó wà nínú kátálọ́ọ̀gì kò tíì di ìwé.

Èyí mú mi dé orí apá keje tí ò ń retí. Inú bí ọ, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Kí o tó gbà pé ọ̀lẹ ni ayàwòrán náà, mọ bí owó ṣe ń rìn. Ní Image, bí àpẹẹrẹ, ìtàn jẹ́ ti àwọn tó dá a sílẹ̀ pátápátá. Ilé ìtẹ̀wé á yọ iye kan pàtó lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ìyókù jẹ́ tiwọn. Ẹ̀tọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá a rìn ni pé owó kì í sábà wọlé àfi lẹ́yìn tí ìwé bá ti tà. Ayàwòrán lè jókòó yàwòrán fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má rí owó kankan. Bí iṣẹ́ tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ bá yọjú, ó ní láti gbà á, torí ó ní ilé tó ń san owó rẹ̀. Ojú ìwé ogún ó lé díẹ̀ lóṣù kan, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ọ̀nà méjì ni pípẹ́ ń gbà wá, wọn ò sì jọra rárá. Brian K. Vaughan àti Fiona Staples dá ìtàn wọn, Saga, dúró lẹ́yìn apá 54 ní 2018. Wọ́n sọ ọ́ síta pé àwọn ń sinmi. Ìsinmi náà gùn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, apá 55 kò dé títí di oṣù kìíní ọdún 2022, síbẹ̀ àwọn òǹkàwé ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó dé. Wá fi ìyẹn wé Deathmate tí Image àti ilé ìtẹ̀wé mìíràn, Valiant, jọ ṣe ní 1993. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti fi ọ́dà ńlá ránṣẹ́, owó wọn ti wà níbẹ̀. Ti Valiant jáde lásìkò, ti Image pẹ́, ó pẹ́, ó pẹ́. Nígbà tó fi máa dé, ìtara ti kú, àwọn páálí ìwé wá di ẹrù sí oníṣọ́ọ̀bù lọ́rùn. Ó wà lára ohun tó kó àárẹ̀ bá gbogbo ọjà ní àwọn ọdún yẹn. Pé ìwé pẹ́ kọ́ ló ń bí mi nínú. Kí wọ́n mọ̀ pé ó máa pẹ́ kí wọ́n sì dákẹ́, kí wọ́n ṣì máa gba ọ́dà apá tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ni mo kà sí ìwà àìtọ́, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé máa bínú sí.

Ó tún lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ayàwòrán tàbí ilé ìtẹ̀wé rárá. Láti nǹkan bí 1997 ni alágbàtà kan, Diamond, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan di ọjà náà mú. DC kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 2020; Marvel kó tirẹ̀ fún Penguin Random House ní 2021; Image lọ sọ́dọ̀ Lunar, alágbàtà mìíràn, ní 2023. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2025, Diamond gba ilé ẹjọ́ lọ pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Àwọn tó kù sọ́dọ̀ wọn ló sì jẹ ìyà rẹ̀ jù, àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké. Diamond jẹ wọ́n lówó ìwé tó ti tà, ìwé wọn tó ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rù wá di ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní kóòtù. Ilé ìtẹ̀wé tó bá ń dúró de owó ìwé tó jáde lọ́dún tó kọjá, kí ló fẹ́ fi tẹ apá keje? Bí ilé ìtẹ̀wé tìrẹ bá wà lára àwọn tó ní láti wá alágbàtà tuntun kiri, fún wọn láyè díẹ̀.

Ní ti àwọn tó ní ìwé àkójọ làwọn máa dúró dè, mi ò lè pè wọ́n lọ́tá. Apá márùn-ún ní dọ́là 3.99 kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 19.95. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dọ́là 9.99 ni Image ń ta ìwé àkójọ kìíní ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ owó rẹ̀ ná, kò ṣẹ̀. Àwọn ìtàn kan wà tó jẹ́ pé ìwé àkójọ gan-an ló ń gbé wọn ró, ní ilé ìtàwé àti ilé ìkàwé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì. Ohun tí mo bá wọn jà lé lórí ni dídákẹ́. Bí o bá pinnu láti dúró, sọ ọ́ fún oníṣọ́ọ̀bù rẹ nísinsìnyí pé ìwé àkójọ ìtàn báyìí lo fẹ́, kó kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Òun náà máa ń fi ọ́dà ìwé àkójọ ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹni tó dákẹ́ títí, tó ń retí ìwé àkójọ kejì ìtàn tí òun kò tíì ra ojú ìwé kan nínú rẹ̀, lè máa retí ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní tẹ̀.

O béèrè bóyá ohùn yín ń dé ibì kankan. Ó ń dé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ariwo gbogbogbòò, "Ó dára gan-an!" tàbí "Wọ́n tún ti dé!", kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ ohun tí ìwé náà dá lé lórí, ẹni tó lè fẹ́ràn rẹ̀, àti ọjọ́ tí FOC rẹ̀ bọ́ sí, ìyẹn ń ta ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé máa ń fi apá kìíní ránṣẹ́ sí àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé lórí kọ̀ǹpútà ṣáájú FOC, kí ọ̀rọ̀ lè tàn ká nígbà tí ó ṣì lè yí nǹkan padà. Bí o bá rí àyẹ̀wò tó jáde ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kà á, kí o sì fi ṣèpinnu. Ó wúlò fún ọ ju àyẹ̀wò mẹ́wàá tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Lẹ́tà kíkọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ju bí o ṣe rò lọ. Saga ṣì ní ojú ìwé lẹ́tà, lẹ́tà orí bébà tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń gbà fún un. Àwọn tó ń dá nìkan ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í gbàgbé ẹni tó jókòó kọ̀wé sí wọn. Bí ẹ̀dùn ọkàn bá sì wà, ilé ìtẹ̀wé ni kí o kọ ọ́ sí. Kí èèyàn máa lépa ayàwòrán kan ṣoṣo káàkiri, kó máa bú u lórí iṣẹ́ tó pẹ́, mo kórìíra rẹ̀. Ó ti lé àwọn ọlọ́pọlọ kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Nípa onírúurú èèpo tó wà fún ìwé kan náà, má da ara rẹ láàmú. Èyí tí wọ́n kọ 1:25 sí, oníṣọ́ọ̀bù ní láti mú ẹ̀dà 25 kó tó rí ẹyọ kan gbà. Ó máa ń gbé iye apá kìíní sókè fẹ́ẹ́rẹ́, apá kejì á wá wó, àwọn èèyàn á ní ìtàn náà ti ń kú. Ìtàn inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Ra èèpo tó wù ọ́ ní iye tó wà lára rẹ̀.

Nínú ìtàn tuntun mẹ́rin yẹn, mú ọ̀kan tàbí méjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn àmì tí mo sọ lókè. Bí o bá sì ń sọ ọ́ fún oníṣọ́ọ̀bù, má dá apá kìíní nìkan dárúkọ. Sọ pé apá kìíní dé ìkẹta lo fẹ́, torí ibi apá kejì àti ìkẹta ni ọwọ́ ti ń já. Bí o bá ka apá kìíní tí kò sì wù ọ́, padà lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí o sọ pé kó yọ ọ́ kúrò. Kò ní bínú. Ẹni tó ní kí wọ́n bá òun pa ìwé mọ́, tí kò wá gbà á mọ́, ni oníṣọ́ọ̀bù ń bínú sí.

Apá keje ni kí o kọ́kọ́ mójú tó. Wo ìkéde náà dáadáa bóyá wọ́n tún un kéde ni, pẹ̀lú nọ́ńbà ọ́dà tuntun. Nígbà tí ìwé bá pẹ́ jù, wọ́n sábà máa ń fagi lé ọ́dà àtijọ́ kí wọ́n tó tún un kéde, orúkọ tí o fi sílẹ̀ lọ́jọ́sí sì lè ti bá a lọ. Kọ nọ́ńbà tuntun náà sílẹ̀, mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí o sì ní kó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lójú rẹ kí FOC tó dé.